Ẹni Tó Ń Pariwo Ṣì Ń Mí

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni Métírọ́ọ̀nù fi tọ́jú ọkùnrin. Kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo o. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n fi í sí: ogún bẹ́ẹ̀dì, ogún ọkùnrin, ogún oríṣi ẹkún. Ó rí ọ̀gá ọlọ́pàá tó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi bísíkíìtì tàn án jáde bí ológbò. Ó rí afẹ̀ṣẹ́jà tí àyà rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú nítorí pé wọ́n fẹ́ tú báńdéèjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, kò sóhun tó kù lára ọkùnrin tó lè yà á lẹ́nu mọ́, àfi iye ìgbà tí wọ́n lè pe ara wọn ní akíkanjú láàárín wákàtí kan.

Ìwà méjì ló bá a kúrò ní wọ́ọ̀dù wálé. Èkíní, kì í pe aláìsàn lórúkọ. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ló fi ń pè wọ́n, torí orúkọ máa ń jẹ́ kí àánú ṣeni kọjá bó ṣe yẹ. Èkejì ni òfin rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èèyàn mẹ́fà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi ìjàǹbá ọkọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké á sáré lọ bá ẹni tó ń ké jù. Métírọ́ọ̀nù á kọjá lára onítọ̀hún bí ẹni kọjá lára òpó, á lọ tẹ̀ mọ́ ẹni tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀. "Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí," ló máa ń wí. Ó sọ ọ́ títí ó fi di ohun tó ń sọ nílé. Ọmọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọmọ ké: ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Àáyọ́ọ̀nù jó ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fò sókè bí eéṣú: ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ohun tó ń rán.

Ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ yìí ló ń gbé. Ó wá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn, ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí, wọn ò sì jẹ́ kó lọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ni ní ìṣirò, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tíṣà. Ọkọ Tíṣà ni máníjà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fìríìjì, Máníjà sì ni wọ́n ń pe òun náà, òun gan-an ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ti wà nílé-ìwé tí wọ́n ń gbé síbẹ̀. Yàrá Métírọ́ọ̀nù ni yàrá tó dáa jù nínú ilé náà. Oòrùn àárọ̀ máa ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé wá jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, bàtà funfun tó fi ṣiṣẹ́ kẹ́yìn wà lórí àpótí, ó ń kùn ún ní Sátidé Sátidé bí ẹni tí wọ́n lè pè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbàkígbà.

Ògiri kan ló la yàrá yìí àti igun yàrá ìjẹun níbi tí Máníjà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí. Láti ara ògiri yẹn ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí Máníjà dé láti ibi iṣẹ́, kò ní tíì bọ́ tàì tán tí á ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìró lílù á bẹ̀rẹ̀, èébú á tẹ̀lé e. Àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa gbọ̀n, àwọn kan tiẹ̀ ti já lulẹ̀ fọ́.

Ọjọ́ kan, Métírọ́ọ̀nù pe ọmọ rẹ̀.

"Ta ni ọkọ ẹ ń bá jà níbẹ̀ yẹn?"

"Géèmù ni, Màámi."

"Géèmù wo ló ń pe èèyàn ní ọ̀lẹ aláìníṣẹ́?"

"Àwọn èèyàn gidi ló wà níbẹ̀, Màámi. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń wá, orí ayélujára ni wọ́n ti ń pàdé. Oníkálukú ní iṣẹ́ tó mú. Jagunjagun lòun."

Métírọ́ọ̀nù wo ọmọ rẹ̀ títí. "Ọkọ ẹ yìí? Èyí tó wá kàn mí nílẹ̀kùn pé kí n wá bá òun pa aáyán?"

"Màámi, ẹ fi sílẹ̀."

Kò fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àrùn, àfi kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi dá a lọ́lá nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di ọ̀dọ̀ atún-fóònù-ṣe tó wà níwájú òpópónà.

"Bá mi gbé géèmù yìí sórí ẹ̀." Ó na bébà tó kọ orúkọ rẹ̀ sí sí i.

"Ṣé ọmọọmọ yín lẹ fẹ́ fún, Mà?"

"Ọkọ ọmọ mi ni. Ara ẹ̀ ò yá."

Atún-fóònù-ṣe ò béèrè mọ́. Ó ti rí oríṣiríṣi.

Bí Métírọ́ọ̀nù ṣe wọ inú ayé ọ̀hún nìyẹn, pẹ̀lú awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ohun tó sì bá níbẹ̀ kò yà á lẹ́nu. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán èèyàn kiri níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan á dúró létí odò, irùngbọ̀n rẹ̀ á balẹ̀ dé orúnkún, á ní kó o lọ wá ìrù eku méjìlá wá. Bó o bá kó o dé, á ní ó ku eyín ìkookò méje. Bó o bá tún kó ìyẹn dé, á fún ẹ ní bàtà tó fi díẹ̀ dáa ju tẹsẹ̀ ẹ lọ, á wá ní kó o kọjá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lórí òkè, ìrù eku lòun náà ń wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà, àwọn tó níyàwó, àwọn tó nípò, ni wọ́n ń sáré kiri igbó yìí tí wọ́n ń lé eku. Métírọ́ọ̀nù rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tíṣà ní kí ọkọ rẹ̀ bá òun ra iyọ̀ tó bá ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀. Ọkùnrin tí kò lè jẹ́ iṣẹ́ iyọ̀ fún aya tó ní ẹnu tó ní ojú, òun ló ń gbọ́ràn sí bàbá tí wọ́n yà sójú gíláàsì lẹ́nu.

Iṣẹ́ márùn-ún ló wà tí èèyàn lè mú: jagunjagun, tafàtafà, oṣó, olè àti oníwòsàn. Métírọ́ọ̀nù kì í bú iṣẹ́ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Ó tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló wá bú wọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe jagunjagun. Iṣẹ́ jagunjagun ò ju kí wọ́n máa lù ẹ́, kó o sì máa pariwo kí wọ́n lè lù ẹ́ sí i. Ó rí i pé ẹni tó bá fínnú fíndọ̀ mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó tún wá ń fi yangàn, oògùn rẹ̀ ò sí lórí káńtà kankan. Ó bọ́ aṣọ irin sílẹ̀, ó ṣe tafàtafà. Tafàtafà dúró lókèèrè, ó ń ju nǹkan. Ojo ni, ṣùgbọ́n ó fi ìyẹ́ ẹyẹ sí fìlà. Ó ṣe oṣó. Oṣó lè pe iná sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, àmọ́ tó bá ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, àfi kó jókòó kó mu omi kó sinmi, kí àwọn yòókù máa kú lọ. Métírọ́ọ̀nù bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí ìyẹn. "Dókítà àgbà rèé," ló wí. Olè nìkan ni kò rí wí sí. Olè ń yọ́ kẹ́lẹ́ rìn, ó ń ṣí àgádágodo, kò sì purọ́ fẹ́nì kan pé iṣẹ́ míì lòun ń ṣe.

Ìgbà tó dé orí oníwòsàn ló tó délé. Kò sẹ́ni tó ń du iṣẹ́ yẹn. Gbogbo wọn ló fẹ́ pa nǹkan, kò sẹ́ni tó fẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fún un ní aṣọ funfun àti ọ̀pá tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ó pe ara rẹ̀ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí aláìsàn kankan ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Kò pẹ́ tó fi rí ẹni tó ń wá. Jagunjagun gíga fìrìgbọ̀n kan, aṣọ irin tó ń kọ mọ̀nà, orúkọ rẹ̀ Erin-Lákátabú. Àwọn mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, tafàtafà, oṣó àti olè. Oníwòsàn ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kẹfà nìyẹn, ó ti lé márùn-ún lọ nítorí pé òun kú lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé o lè wo jagunjagun gidi sàn?" Erin-Lákátabú kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ. Kí ọ̀rọ̀ náà sì tó yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, Métírọ́ọ̀nù ti gbọ́ ọ lára ògiri. Ìka méjì ni ọkọ ọmọ rẹ̀ fi ń tẹ̀wé, gbogbo ohun tó bá ń tẹ̀ ló ń kà jáde bí ọmọ tó ń kọ́ A, B, D.

"Mo ti wo irú yín púpọ̀," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fèsì.

Wọ́n gbà á. Métírọ́ọ̀nù mú ìwé kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i bó ṣe ń fà á ní wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì Kìíní, tafàtafà. Bẹ́ẹ̀dì Kejì, oṣó. Bẹ́ẹ̀dì Kẹta, olè. Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin, Erin-Lákátabú: ariwo, ìgbéraga, kò gbọ́ràn.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jọ ń jẹ́ iṣẹ́ bàbá onírùngbọ̀n. Ẹgbẹ́ náà ò dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé òkúta tó ti ń pa wọ́n láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, wọ́n wọ̀ ọ́ jáde. Odò oníná, wọ́n gbà á kọjá bí ẹni gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfin wọ́ọ̀dù ni. Ẹni tó bá dákẹ́ ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ ń lọ bá, torí ẹni tó dákẹ́ ló kù díẹ̀ kó kú. Erin-Lákátabú kì í dákẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń wò ó kẹ́yìn. Kò kú rárá ní oṣù mẹ́ta yìí, síbẹ̀ èébú ni.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ẹ wúwo bíi ti ìyá arúgbó."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé oorun lò ń sùn níbẹ̀ ni? Aláìwúlò."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà, á fi orí yọ. "Màámi, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ìwàásù lẹ̀ ń gbọ́?"

"Nǹkan tó jọ ọ́ ni," Métírọ́ọ̀nù á wí. "Òmùgọ̀ kan ló ń sọ̀rọ̀."

Ọkọ ọmọ á rẹ́rìn-ín, á lọ bu omi mu.

Kò bínú sí i. Ta ló ń bínú sí bẹ́ẹ̀dì? Ó kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé ni, títí di Ọjọ́bọ̀ kan tí Erin-Lákátabú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lábẹ́lẹ̀, láìjẹ́ kí àwọn yòókù rí i. Lára ògiri, ohùn náà rẹlẹ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin nínú ìgò.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìwọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn ni mo fi lè sọ fún ẹ. Nílé mi, ìyá ìyàwó mi ló gba yàrá tó dáa jù. Àwọn ọmọ ti lọ sílé-ìwé, kò sóhun tó tún ń ṣe níbẹ̀. Mo fẹ́ fi yàrá yẹn ṣe yàrá géèmù. Tá a bá pa dírágónì, ẹranko tó ń yọ iná lẹ́nu yẹn, ní Sátidé, orí mi á yá, màá bá ìyàwó mi sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí màmá lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀. Kí lo rí sí i?"

Métírọ́ọ̀nù tú awò ojú, ó nù ún, ó tún un dé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló kù fún un. Ilé rẹ̀ ń jò, yàrá méjì, èèyàn méje. Orí àga gígùn tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti yọ owú ni wọ́n máa tẹ́ fún un, láàárín bébà àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Kò sí ibi tí máṣíìnì ìránṣọ máa gbà, kí á má tíì sọ ti oòrùn àárọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu ni?"

Erin-Lákátabú fèsì: "Rárá o. Kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ó máa ń wò mí bíi pé mò ń ṣàìsàn."

Métírọ́ọ̀nù pa tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ á gbèjà rẹ̀, ìjà á ṣẹlẹ̀, yàrá á sì di yàrá tí wọ́n fi ìjà gbà. Oorun kì í dùn nínú irú rẹ̀. Tó bá sì dákẹ́, Sátidé ò jìnnà. Ohun kẹta tún wà, kì í ṣe ẹni tí kò lè ronú kàn án. Dírágónì yẹn ò lè kú bí jagunjagun bá kú, ẹgbẹ́ tó bá sì ṣubú níbẹ̀ á dúró oṣù kan kó tó tún lè wọlé. Ó tó kó káwọ́ gbera lásán. Kó jẹ́ kí Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin jóná di eérú, kí orí rẹ̀ má yá, kí ọ̀rọ̀ yàrá dúró di oṣù míì. Ṣùgbọ́n láyé rẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì tó kọjá lára rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ràn ojú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́ọ̀dù ì bá ti ṣófo.

Ni Sátidé bá dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń ràn gan-an. Tíṣà kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sórí tábìlì ìjẹun, ó ń fi báírò pupa máàkì rẹ̀. Máníjà jókòó sí igun rẹ̀, ó na ọwọ́, ó na ọrùn, ó fa ìka rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n dún. Métírọ́ọ̀nù ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, ó ṣí ìwé sí ojú ewé tuntun.

Wọ́n wọlé. Olè ṣí àgádágodo mẹ́ta, kò rojọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kẹta ni dírágónì náà wà. Orí rẹ̀ tó tánkì omi. Ihò imú rẹ̀ lè gba alùpùpù méjì tó bá dọ́gba wọlé. Bó bá mí, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì á gbóná débi pé èèyàn lè fi lọ aṣọ iléèwé. Orí asà wúrà kan ló dùbúlẹ̀ lé, asà tí Erin-Lákátabú ti ń dù fún oṣù méje, tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àkọ́bí.

Wọ́n ti ṣe àdéhùn pé kí gbogbo wọn jọ wọlé pa pọ̀. Erin-Lákátabú dá sáré wọlé. Iná sì gbà á.

"Wò mí sàn," ló kọ, ló sì kà jáde lẹ́yìn ògiri. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wò mí sàn, mò ń jó."

Ìrù dírágónì gbá Bẹ́ẹ̀dì Kẹta mọ́ ògiri. Olè náà wó lulẹ̀ níbẹ̀, kò kọ ohunkóhun. Métírọ́ọ̀nù kọjá lára Erin-Lákátabú tó ń jó, ó lọ tẹ̀ mọ́ olè, ó fi ọ̀pá kàn án láyà. Olè gbéra. Oṣó ti jókòó, ó ń mu omi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ṣé o fọ́jú ni? Èmi ni olórí ẹgbẹ́. Èmi ni kó o kọ́kọ́ wò. Irú oníwòsàn wo lèyí, ṣé ìyá arúgbó ló bí ẹ ni? Wò mí. Wò mí. Wò mí."

Lára ògiri, ó ti ń fọwọ́ lu tábìlì. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà ń yọ tẹ̀lé ara wọn. Ibẹ̀ ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti da Métírọ́ọ̀nù. Kò rò ó, kò gbèrò rẹ̀. Ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́, bí ọwọ́ ṣe máa ń lọ síbi tí wọ́n ti kọ́ ọ:

"Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí."

Ó ti lọ kó tó rí ohun tó kọ.

Lẹ́yìn ògiri, Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí kà á jáde, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé pẹ̀lú ẹnu pípa dé. "Ẹni tó ń pariwo..." Ohùn náà dúró.

Tíṣà ò gbé orí kúrò nínú ìwé tó ń máàkì. "Ṣì ń mí," ló bá a parí ẹ̀. Ìgbà tó yá ló gbé orí sókè. "Ṣé Màámi ló wà níbẹ̀ ni?"

Ilé dákẹ́ bí ìgbà tí iná mànàmáná lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rójú jókòó.

Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, Erin-Lákátabú dúró gbagidi nínú iná, kò kọ nǹkan kan, ẹ̀mí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó dákẹ́. Òfin sì ni òfin. Métírọ́ọ̀nù fi olè sílẹ̀, ó sáré lọ bá a, ó da gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí, bí ẹni da omi sórí ẹja tó ti fẹ́ kú. Jagunjagun náà mí. Tafàtafà, ojo onífìlà yẹn, ló wá ta ọfà tó wọ dírágónì lójú láti òkèèrè, ó sì wó, gbogbo ihò òkè mì.

Asà wúrà ṣí sílẹ̀. Nínú géèmù náà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ́ gègé, ẹni tó bá wù ú ló ń fún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fún. Oníwòsàn ò sì lè gbé asà. Tó bá fi kọ́rùn, ńṣe lá ṣubú.

Ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti jọ ń gbé, àfi tí aáyán bá yọ sí i ni Máníjà ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ọjọ́ yòókù, orí nìkan ló ń fi yọ.

"Wọlé."

Ó wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó sọ ìwé rẹ̀ nù. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, báírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi."

"Ọkọ ọmọ mi."

"Ṣé... ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀?"

"Oṣù kẹta rèé. Ìwọ lo gbà mí síṣẹ́. O ní ṣé mo lè wo jagunjagun gidi sàn."

"Gbogbo ohun tí mo kọ..."

"Mo kà á. Èyí tí mi ò kà, mo gbọ́ ọ. O máa ń kà á jáde."

"Kí ló kọ?" Tíṣà béèrè.

Máníjà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo bàtà funfun tó wà lórí àpótí bíi pé wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Métírọ́ọ̀nù ò ràn án lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó dúró síbẹ̀ dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ yàrá yìí ló fẹ́ bá ẹ sọ lálẹ́ òní," ló wá wí fún ọmọ rẹ̀. "Àbí mo ṣì í kà?"

"Ẹ ò ṣì í kà, Mà. Yàrá ni. Fèrèsé yàrá." Máníjà nu iwájú orí. "Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ya. Ẹ̀fọn ń wọlé wá bá yín. Mo ní kí n sọ fún un pé mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀."

"Nẹ́ẹ̀tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Métírọ́ọ̀nù wò ó, bó ṣe wo ọ̀gá ọlọ́pàá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́sí. Èyí tó ń sáré wọnú iná dírágónì láìwẹ̀yìn ni kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo níwájú ìyá ìyàwó tó jókòó sórí ìrọ̀rí. Inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló sá sí.

"Ó dáa," ló wí. "Rúlà wà lórí máṣíìnì. Wọn fèrèsé náà kó o tó lọ."

Ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n. Tíṣà, tó ń fi ìṣirò jẹun, ò nílò kí wọ́n ka gbogbo lẹ́tà fún un kó tó rí ìdáhùn. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ tó nà sókè lójú fèrèsé.

"Ọ̀la ni kó o ṣe nẹ́ẹ̀tì yẹn," ló wí. "Tó o bá ṣe tán, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù Màámi náà ò pa dé dáadáa. Àwa méjì á sọ ìyókù níta."

Ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Máníjà fi rúlà sípò, ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún dúró.

"Kí ló kù?"

"Asà yẹn, Mà."

"Asà wo?"

"Èyí tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Oníwòsàn ò lè lò ó."

"Mo mọ̀."

"Mo ní bóyá... tẹ́ ẹ bá..."

"Ó wà nínú àpò mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù eku. Tí ara ẹ bá yá, màá wò ó."

Nẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sì pa dé. A ò gbọ́ ohun tí tọkọtaya sọ níta, àmọ́ láti ọjọ́ náà, iyọ̀ ò wọ́n nínú ilé yẹn mọ́.

Wọ́n ṣì ń ṣe géèmù ní Sátidé. Lọ́sẹ̀ kẹta, tafàtafà dúró láàárín igbó, ó béèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Erin-Lákátabú, kí ló dé tó o fi ń pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní 'ẹ̀yin'? Ṣé ẹ̀ ń ṣeré ni?"

Lẹ́yìn ògiri, ìka méjì ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnu ò kà á jáde mọ́.

"Àgbà ni wọ́n," ló yọ lójú ẹ̀rọ. "Ìwọ náà máa kí wọn."

Métírọ́ọ̀nù mú ìwé rẹ̀, ó wá ojú ìlà Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin. Ó kọ ọ́ pé: ariwo ti dín kù. Ìgbéraga kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Asà: kò tíì yẹ kó gbà á. Kí wọ́n má tíì dá a sílẹ̀.